Bí iná pupa bá tàn: ẹ́ńjìnì Volkswagen tí kò ní rádíétọ̀

Bọ́ọ̀sì Volkswagen tí Brazil ń pè ní Kombi, tí wọn ò jáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ títí di ọdún 2013, òun náà la sọ di dáńfó ní Èkó. Àwọn ará Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì kó bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú tiwọn, wọ́n sọ ọ́ di ilé orí táyà. Ara lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì 1600 (1584 cc) tó wà nídìí ọ̀pọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ọkọ̀ Ìjàpá. Kò lo omi rárá. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń tù ú lára. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa kì í sáré tú u palẹ̀. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ wò.

Iná pupa tí wọ́n fi ń mọ̀ pé dáínámò kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni ká fi bẹ̀rẹ̀, torí pé òun ló ti sọ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì di irin àjókù. Nínú ọkọ̀ mìíràn, bí iná yẹn bá tàn, ẹ lè fi bátìrì nìkan rọra dé ilé. Ẹ má dán an wò nínú èyí. Irin tó ń yí láàárín dáínámò gan-an ni wọ́n de fáànù mọ́, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló sì ń yí àwọn méjèèjì. Tó bá já, afẹ́fẹ́ tán nìyẹn, sílíńdà á bẹ̀rẹ̀ sí í yan gbẹ. Ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dé ilé epo tó wà níwájú. Tí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn tí ẹ rí i pé bẹ́líìtì ṣì wà níbẹ̀, tó sì le dáadáa, ó lè jẹ́ pé bọ́rọ́ọ̀ṣì dáínámò ló jẹ tán. Ìyẹn kò pa ẹ́ńjìnì.

Bẹ́líìtì àfipamọ́ kan, sípánà 21 àti sukudiráfà tó lágbára ò gbọdọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀ yìí. Púlì dáínámò pín sí awẹ́ méjì bí obì, wáṣà pẹlẹbẹ mélòó kan sì wà láàárín awẹ́ náà. Ẹ fi gíà sí fíríì. Ẹ ki sukudiráfà bọ ihò kékeré tó wà létí awẹ́ inú, kí ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn ti bóòtù ara dáínámò, kí púlì má baà máa yí, kí ẹ wá tú nọ́ọ̀tì. Tí ẹ bá yọ wáṣà kan kúrò láàárín, awẹ́ méjèèjì á sún mọ́ra, bẹ́líìtì á gun òkè, á sì le. Tí ẹ bá fi kún un, á dẹ̀. Ẹ má sọ èyí tí ẹ yọ nù o: ìta, lábẹ́ nọ́ọ̀tì, ni kí ẹ tò ó sí, torí ọjọ́ mìíràn ẹ ó tún nílò rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń di nọ́ọ̀tì, ẹ máa yí ẹ́ńjìnì díẹ̀díẹ̀, kí awẹ́ púlì má baà gé bẹ́líìtì jẹ. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín. Ó yẹ kó wọlé tó mílímítà 15. Tó bá le jù, bíárìn dáínámò ló máa jẹ. Tó bá dẹ̀ jù, á máa yọ̀, fáànù ò sì ní yí tó. Bẹ́líìtì tuntun máa ń nà, ẹ tún un yẹ̀ wò láàárín ọjọ́ díẹ̀.

(Àwọn bọ́ọ̀sì tó ní ẹ́ńjìnì 1700, 1800 tàbí 2000 yàtọ̀. Kíráńkì, irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì, ló ń yí fáànù tiwọn tààrà, dáínámò nìkan sì ni bẹ́líìtì wọn ń yí. Ohun tí mo sọ nípa pípa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀ kò kàn wọ́n.)

Bí bẹ́líìtì bá dára tí ẹ́ńjìnì ṣì ń gbóná, ẹ wo páànù. Àwọn páànù dúdú tó yí ẹ́ńjìnì ká kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Wọ́n pààlà sáàárín afẹ́fẹ́ tútù tó wà lókè àti afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń jáde nísàlẹ̀. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀ á tú u, á ní ó ń dí òun lọ́wọ́, kò sì ní dá a padà. Rọ́bà tó yí etí páànù ká, tó dí àlàfo sáàárín rẹ̀ àti ara ọkọ̀, náà ṣe kókó: níbi tó bá ti ya, fáànù á máa fa afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ti lò tán padà sínú. Ẹ wo wáyà púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú. Rọ́bà roboto kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń dí ihò ara páànù. Tí ọ̀kan bá sọnù, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba orí sílíńdà á máa gba ibẹ̀ sá lọ.

Ẹ má kó àkísà, ọ̀rá tàbí ike ọ́ìlì sínú ibi ẹ́ńjìnì. Ọ̀rá kan ṣoṣo tí fáànù bá fà mọ́ra ti tó láti dí i pa. Àwọn ọkọ̀ ìpàgọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù tún ní ìṣòro tiwọn: eku ń tẹ́ ìtẹ́ sáàárín páànù àti ara sílíńdà, ẹ ò sì ní rí i láìtú ilé fáànù.

Sílíńdà kẹta, èyí tó wà lápá òsì lọ́dọ̀ iwájú ọkọ̀, ló máa ń kọ́kọ́ kú. Nínú ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe kó tó di 1971, ibi tí wọ́n fi atútù ọ́ìlì sí ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbà kọjá, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó ti gbóná ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wíwọn àlàfo fáàfù, fi ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì sùn mọ́jú kó tutù pátápátá. Ẹ yí i títí àmì púlì ìsàlẹ̀ á fi bá ojú ibi tí awẹ́ méjì irin ẹ́ńjìnì ti pàdé mu, tí orí rótọ̀ (èyí tó ń yí nínú dìsíbútọ̀, tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì) sì kọjú sí àmì tó wà létí dìsíbútọ̀: sílíńdà kìíní nìyẹn. Ẹ fi fílà géèjì 0.15 mm wọn fáàfù rẹ̀ méjèèjì. Ó yẹ kó fà díẹ̀ lọ́wọ́ yín, kó má há. Ẹ wá yí púlì padà sẹ́yìn ní ìlàjì, ẹ bọ́ sórí kejì, lẹ́yìn náà kẹta, lẹ́yìn náà kẹrin. Gbogbo kìlómítà 5,000 ni ká máa ṣe é. Tó bá jẹ́ pé fáàfù ẹ́sọ́ọ̀sì kan ń há ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ̀n ọ́n, ẹ má kàn máa tú u sílẹ̀ lásán. Ọrùn fáàfù yẹn ló ń nà tàbí kí ìjókòó rẹ̀ máa rì. Èyí tó ń nà máa já bọ́ sínú sílíńdà lọ́jọ́ kan. Ẹ tú orí ẹ́ńjìnì nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe.

Kọ́ńtáàtì, irin kékeré inú dìsíbútọ̀ tó ń ṣí tó ń pa kí iná lè ta, náà ń dá ooru sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ò sì fura sí i. Ó yẹ kó ṣí ní 0.4 mm. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣe ń jẹ, àlàfo á máa dínkù, iná á máa pẹ́ kó tó ta, ẹ́ńjìnì á di ọ̀lẹ, á sì máa gbóná. Ẹ kọ́kọ́ tún kọ́ńtáàtì ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan táímìn (àsìkò tí iná ń ta), torí pé ọ̀kan ń yí èkejì padà. Tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré, kí iná má fi ju dìgírì 32 lọ ṣíwájú ìgbà tí písítìnì bá dé òkè.

Lórí òkè, pẹ̀lú gbogbo ẹrù ilé tó wà nínú ọkọ̀, ẹ tètè wá sí gíà kẹta. Kí ẹ́ńjìnì máa hu sàn ju kó máa rá pálá lọ: bó bá ṣe ń yí sí ni fáànù ń yí sí.

Ọkọ̀ tó kú lójijì nínú ooru tí kò sì fẹ́ jí ńkọ́? Ẹ yọ wáyà gbọ̀ǹgbọ̀ tó wà láàárín orí dìsíbútọ̀, ẹ fi nǹkan tí kì í gbé iná mú un, kó jìnnà sí irin ní mílímítà 6, kí ẹnì kan sítáàtì. Tí iná aláwọ̀ búlúù bá ta, epo ni ká máa wá. Tí kò bá ta tàbí tó rẹ̀ dòdò, kọndẹ́nsà tàbí kọ́ìlì ni kí ẹ fura sí. Tó bá jẹ́ pé ó ń jí ṣùgbọ́n tí kò lè dúró láìtẹ asẹ́lẹ́rétọ̀, ẹ wo wáyà kékeré tó lọ sí fáàfù oníná ara kàbúrẹ́tọ̀. Ó sábà máa ń yọ.

Rọ́bà epo ni mi ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú láé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ; tó bá là, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lónìí, pẹ̀lú kílíìpù tuntun. Ní Gẹ̀ẹ́sì, epo E10 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà láti 2021 tètè ń ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́. Ẹ má gbé fílítà epo sí òkè dìsíbútọ̀. Ẹ gbìyànjú láti fi ọwọ́ yí páìpù bàbà tó gbé epo wọ kàbúrẹ́tọ̀: tó bá mì, ó lè yọ lójú ọ̀nà, epo á sì tú sórí iná. Magnesium wà nínú irin ẹ́ńjìnì 1600. Tó bá gbiná, omi á tún kó bá a ni. Ohun ìpaná oníyẹ̀fun gbígbẹ ló yẹ kó wà nítòsí àga awakọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn.

Ọ́ìlì lítà 2.5 ló ń gbà, kò sì ní fílítà gidi, asẹ́ irin lásán ló wà nísàlẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ní kìlómítà 5,000, ẹ fọ asẹ́ náà. Nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́fà tó di àwo rẹ̀ mú kò fẹ́ agbára ọkùnrin: 7 Nm péré.

Kí ẹ tó náwó sórí ohunkóhun nínú ọkọ̀ àlòkù, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di púlì ìsàlẹ̀ mú, ẹ fà á sọ́dọ̀ yín, kí ẹ tì í padà. Ìrìn tó yẹ kó ní jẹ́ 0.07 sí 0.13 mm, ojú lásán ò sì lè rí i. Tí ọwọ́ yín bá gbọ́ "kọ̀" bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ẹ fi bẹ́líìtì àti kọ́ńtáàtì sílẹ̀, ẹ wá jáákì: ẹ́ńjìnì yẹn máa wá sílẹ̀.