Bí a ṣe ń mú kárafáànì kékeré dúró gbọn-in gbọn-in ní àgọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní agbègbè Ọ̀yọ́

Iṣẹ́ táyà ni láti gbé ẹrù, iṣẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rin tó wà ní igun kárafáànì sì ni láti dá mìmì dúró. Ẹni tí kò bá da iṣẹ́ méjèèjì yìí pọ̀ mọ́ ara wọn ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà ní àgọ́. Ìlú Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, iṣẹ́ oyin sì máa ń gbé èmi àti àbúrò mi lọ sí àwọn oko tó wà níhà Ṣẹ́pẹ́tẹ̀rí, lẹ́yìn ààlà ọgbà Old Oyo National Park, níbi tí a ti ń sùn sínú kárafáànì kékeré tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọwọ́ bíríkìlà àgbà kan ládùúgbò wa ni mo ti kọ́ ọ. Bàbá náà kò sun inú kárafáànì rí, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí à ń pè ní títẹ́.

Ilẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ilẹ̀ yangí máa ń gbé ẹrù dáadáa, kódà lẹ́yìn òjò. Ilẹ̀ dúdú etí odò, irú èyí tó wà ní ìpadò Ògùn, a máa le koko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n bí òjò kan ṣoṣo bá rọ̀ sí i lóru, táyà kan á ti rì ju èkejì lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibòji igi ẹmì àti igi igbá dára púpọ̀, àmọ́ kí a gbójú sókè wo ẹ̀ka gbígbẹ kí a tó dúró sábẹ́ wọn, nítorí pé ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ kì í ṣeré. Kí a sì yẹra fún ojú àgbàrá, bó ti wù kí ibẹ̀ tẹ́ tó.

Lẹ́yìn èyí, ìbú ni a ó kọ́kọ́ mú tẹ́, kí a tó kan gígùn, kí a sì ṣe é nígbà tí kárafáànì ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé táyà kékeré iwájú tí a ń fi ọwọ́ yí lè gbé imú kárafáànì sókè tàbí kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ohunkóhun sí apá ọ̀tún tàbí apá òsì tó rẹlẹ̀. Pákó ni a ó tẹ́ sábẹ́ táyà ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀, tí a ó sì wọ́ kárafáànì gun orí rẹ̀. Báwo ni pákó náà yóò ti nípọn tó? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á fi ojú díwọ̀n, wọ́n á gùn ún, wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bàbá bíríkìlà wò wá títí, ó ní, “Ẹ yéé méfò, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ wọ̀n ọ́n.” Ó fi lẹ́fẹ̀lì rẹ̀ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60 dábùú ilẹ̀ inú kárafáànì, ó ń ki pátákó pẹlẹbẹ sábẹ́ ìpẹ̀kun tó rẹlẹ̀ títí afẹ́fẹ́ kékeré inú dígí rẹ̀ fi dúró sí àárín. Sẹ̀ǹtímítà 2 ni ohun tó kì sábẹ́ rẹ̀. Àárín táyà ọ̀tún sí ti òsì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 180, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta lẹ́fẹ̀lì náà, nítorí náà pákó táyà gbọ́dọ̀ nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 6. A gùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó sì tẹ́. Láti ọjọ́ náà ni lẹ́fẹ̀lì ti wà nínú àpótí irinṣẹ́ wa.

Pákó náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju táyà lọ, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ táyà sì wà lórí rẹ̀, nítorí pé èyí tí apá kan rẹ̀ bá yọ síta ń ba ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Bí a bá ní láti to pákó léra wọn, kí ti ìsàlẹ̀ gùn ju ti òkè lọ bí àtẹ̀gùn. Ẹni tó ń júwe fún awakọ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ ti lè rí i, kì í ṣe ẹ̀yìn kárafáànì.

Kí a tó tú u kúrò lára ọkọ̀, kí a fi wẹ́ẹ̀jì dí táyà méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Bíréèkì ọwọ́ nìkan kò tó. Nígbà náà ni a ó wá yí táyà kékeré iwájú, lórí pákó tirẹ̀, títí gígùn náà yóò fi tẹ́.

Ẹsẹ̀ igun ló kẹ́yìn. A ó yí i kalẹ̀ títí yóò fi kan pákó tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, a ó sì fi ìlàjì yíyí kan lé e, ó parí. Àwọn kan máa ń fi ẹsẹ̀ yìí gbé kárafáànì bíi jáàkì. Ó máa ń tẹ̀, ó sì lè lọ́ ara kárafáànì pọ̀. Ẹ wo ilẹ̀kùn: bó bá ti ń ha lẹ́yìn tí a yí ẹsẹ̀ tán, tó sì ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, igun kan ti le jù, kí a dẹ̀ ẹ́. Búlọ́ọ̀kù oníhò kò yẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ yìí, nítorí pé ojú kan ni ẹsẹ̀ náà ń tẹ̀, búlọ́ọ̀kù sì lè fọ́ lójijì. Igi líle ni mo fara mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọlé kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó kan ilẹ̀. Kárafáànì tí a ti tú kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, tó sì jẹ́ pé táyà méjì péré ló ní, lè fi ìdí jókòó kí imú rẹ̀ sì fò sókè bí ènìyàn méjì bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Omi náà wúwo: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún wúwo tó kílógíráàmù 25, nítorí náà òkè táyà gan-an ni kí a kó kẹ́ẹ̀gì sí.

Títẹ́ yìí kì í ṣe nítorí oorun nìkan. Fìríìjì tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́, èyí tí kò ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, àmóníà ló ń yí nínú páìpù rẹ̀, dídà wálẹ̀ omi rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kó lè yí. Bí kárafáànì bá dagun púpọ̀, omi náà kò ní lè dà wálẹ̀ bó ti yẹ, fìríìjì kò ní tutù, bí iná bá sì ń jó lábẹ́ rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó lè bàjẹ́ pátápátá.

Lásìkò òjò, kí a tún gbé lẹ́fẹ̀lì sílẹ̀ ní òwúrọ̀. Bí táyà bá ti rì, kí a ká ẹsẹ̀ igun sókè, kí a so kárafáànì mọ́ ọkọ̀, kí a sì fi pákó kún ti táyà. Bákan náà ni tí a bá fẹ́ kúrò ní àgọ́: ẹsẹ̀ igun la ó kọ́kọ́ ká, a ó so ó mọ́ ọkọ̀, ìgbà tó bá ti so dáadáa ni a ó tó yọ wẹ́ẹ̀jì, a ó sì rọra wọ́ ọ kúrò lórí pákó.