Ojú lọ̀rọ̀ wà: ohun tí iṣẹ́ Alfred Binet kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àyẹ̀wò ọmọ ilé ìwé, ẹ jẹ́ kí n fi ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 8 ni. Mo ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dáhùn geere. Ó wá ṣi ọ̀kan, mo fi pẹ́ńsù fa ilà kékeré sínú ìwé mi. Ó ṣi òmíràn, mo tún fa ilà. Láti ìgbà náà, “mi ò mọ̀” nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Mo kọ ìròyìn pé òye rẹ̀ kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́. Ó pẹ́ kí n tó rántí ibi tí ojú rẹ̀ wà lọ́jọ́ yẹn. Kò wo àwòrán tí mo gbé síwájú rẹ̀ mọ́, pẹ́ńsù mi ló ń wò. Ó ti mọ ìtumọ̀ ilà náà.

Oṣù méjì ni ìròyìn yẹn fi wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀ kí n tó lọ gbà á padà. Wọ́n ti gbé e lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Iṣẹ́ Binet ni mo ń kà lásìkò náà, òun ló sì là mí lójú. Ẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì: ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ṣe ìdánwò òye àkọ́kọ́ tó wúlò. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni bó ṣe kọ́kọ́ ṣubú.

Ìlú Nice ni wọ́n ti bí i ní 1857. Òfin ló kọ́kọ́ kà, ó fi í sílẹ̀, ó wá ń ka ìwé sáíkọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ènìyàn, fúnra rẹ̀ ní ilé ìkàwé ńlá ìjọba ní Paris. Láti ibẹ̀ ló ti dé ilé ìwòsàn Salpêtrière, lọ́dọ̀ dókítà Jean-Martin Charcot, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri nígbà náà. Wọ́n ń mú aláìsàn wọ oorun kan tí kì í ṣe oorun gidi, tí wọ́n ń pè ní hypnosis. Binet àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Charles Féré, kéde pé bí àwọn bá gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ẹni tó wà nínú oorun náà, àìlera tó wà ní apá kan ara rẹ̀ á ṣí lọ sí apá kejì.

Joseph Delboeuf, ọ̀jọ̀gbọ́n láti Liège ní Belgium, wá wò ó fúnra rẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì náà kò pamọ́. Àwọn olùwádìí sì ń sọ ohun tí wọ́n ń retí sétí aláìsàn, bí ẹni pé adití ni. Kì í ṣe adití. Ohun tó gbọ́ ló ń ṣe. Binet kọ́kọ́ gbèjà iṣẹ́ wọn gidigidi, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ní gbangba, pé àwọn ti ṣìnà. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ẹni tó gba irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì lè máa bá Delboeuf jà títí ayé. Binet kò ṣe èyíkéyìí. Àṣìṣe yẹn gan-an ló sọ di ohun tó ń wádìí.

Ní 1900, ó tẹ ìwé kan jáde lórí bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe ń darí èrò ọmọ. Ó lẹ àwọn nǹkan kéékèèké mọ́ páálí, bọ́tìnnì wà lára wọn, ó fi han àwọn ọmọ fún ìgbà díẹ̀, ó wá gbé e kúrò. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ bọ́tìnnì náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n kàn sọ ohun tí wọ́n rí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣì í. Àwọn tí wọ́n bi pé àwọ̀ wo ni òwú tó so bọ́tìnnì náà mọ́ páálí ni àṣìṣe wọn pọ̀ jù. Òwú kankan kò sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ka èyí, n kì í béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé “Ṣé olùkọ́ ń nà ọ́ ni?” Ohun tí mo ń béèrè ni pé “Sọ fún mi bí ọjọ́ rẹ ṣe rí.”

Ilé rẹ̀ gan-an tún di ibi ìwádìí. Ó ní ọmọbìnrin méjì, Madeleine tí wọ́n bí ní 1885 àti Alice tó tẹ̀ lé e ní 1887. Nígbà tí Madeleine ń kọ́ ìrìn, kì í fi àga tó dì mú sílẹ̀ àfi tó bá ti rí nǹkan mìíràn nítòsí tó lè gbá mú. Alice ní tirẹ̀ á kàn gbéra sí àárín yàrá, á máa fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, kò bìkítà ibi tó máa já sí. Ìyá kan, bàbá kan. Binet ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sọ pé ọ̀kan gbọ́n ju èkejì lọ. Ó ń wò wọ́n bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi di ọ̀dọ́, ìwé tó jáde láti inú rẹ̀ ní 1903 sì wà lára èyí tó dára jù tó kọ.

Ní 1891 ló wọ ilé ìwádìí sáíkọ́lọ́jì ní Sorbonne, yunifásítì kan ní Paris, ó di ọ̀gá ibẹ̀ ní 1894. Níbẹ̀ ló ti fi ìwọ̀n wọn orí àwọn ọmọ ilé ìwé, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé orí ńlá ni orí ọgbọ́n. Ìyàtọ̀ tó rí kò tó nǹkan, bíi mìlímítà kan. Ẹ̀rù tún bà á pé ọwọ́ òun lè máa fi kún orí ọmọ tí òun ti mọ̀ pé ó mọ̀wé, kí òun má sì fura. Ó fi í sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá ti fọwọ́ jóná lẹ́ẹ̀kan ló máa ń fura bẹ́ẹ̀.

Òfin 1882 ti sọ ilé ìwé di dandan fún àwọn ọmọ ọdún 6 sí 13 ní Faransé, nítorí náà gbogbo irú ọmọ ló ń wọlé. Ní 1904, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti mọ àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ àrà ọ̀tọ̀, Binet sì wà níbẹ̀. Òun àti Théodore Simon, dókítà kan, gbé ìdánwò jáde ní 1905. Ọgbọ̀n ìbéèrè ni: láti orí fífi ojú tẹ̀ lé iná ìṣáná, dé orí ṣíṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì tó jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é ló mú mi lọ́kàn jù. Kí yàrá pa rọ́rọ́. Kí ọmọ náà dá wọlé, kí ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ máa fi balẹ̀, àmọ́ kí ẹni náà má sọ̀rọ̀ rárá. Kí olùyẹ̀wò fi ọ̀yàyà gbà á. Ẹni tó ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu òun ṣe sí aláìsàn ní Salpêtrière ló kọ ọ́.

Binet kú ní 1911. Láàárín ọdún mélòó kan, William Stern ní Jámánì ti dábàá pé ká fi ọjọ́ orí ọmọ pín ọjọ́ orí òye rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ orí àwọn ọmọ tí wọ́n sábà máa ń ṣe dáadáa tó o nínú ìdánwò náà, Lewis Terman ní Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí a ń pè ní IQ, ní 1916. Wọ́n wá ń lo nọ́ńbà yẹn láti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí, torí pé Binet ti kọ ọ́ ní 1909 pé kò tọ́ ká gbà pé òye ènìyàn kò lè lé sí i. Nínú kíláàsì àwọn ọmọ tí ìwé le fún, ó ní kí wọ́n máa ṣe eré ère: kí kálukú dúró gbagidi bó ṣe wà nígbà tí olùkọ́ bá fún wọn ní àmì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rín ló pa gbogbo wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ń bá ara wọn díje ẹni tó máa pẹ́ jù. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fetí sílẹ̀, ká tó kọ́ wọn ní ìṣirò.

Nígbà tí mo tún ọmọkùnrin mi yẹn yẹ̀ wò, mo ní kí àǹtí rẹ̀ wá jókòó sí igun yàrá. Mo gbé ìwé mi sórí itan, sí abẹ́ tábìlì, mo sì ń fa ilà fún gbogbo ìdáhùn, èyí tó gbà àti èyí tó ṣì, gígùn kan náà. Ó kọ́kọ́ na ọrùn wá pẹ́ńsù náà. Kò rí i. Ó wá tẹjú mọ́ àwòrán, ó ní, “Ọkùnrin yìí ò wọ bàtà kan.” Kò sí ẹni tó bi í.