Òyìnbó ni wọ́n ń forí jì, kì í ṣe èmi

Sátidé, oṣù keje

Òjò rọ̀ mọ́jú lónìí, páànù ń dún gbàmùgbàmù lórí mi, oorun ò kún ojú rárá, àmọ́ ta ló máa bínú sí òjò lábúlé yìí. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹwàá nìkan lòjò ń rọ̀ ní Gáńbíà, tó bá ti dá, ó dá nìyẹn, eruku ló kù. Bí a ṣe kírun àsùbáà tán báyìí làwọn obìnrin ilé ti mú ọkọ́, wọ́n kọrí sí àbàtà. Àwọn obìnrin ló ń gbin ìrẹsì níbí, lẹ́bàá odò, àwọn ọkùnrin wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú ẹ̀pà àti ọkà bàbà. Ìyá tó gbà mí sílé kan ilẹ̀kùn mi gbà-gbà, kì í ṣe pé ó wá béèrè bóyá mo fẹ́ tẹ̀ lé wọn o, ohun tó sọ ni pé kí ló dé tí mi ò tíì jáde, ṣé mò ń retí kí oòrùn wá pè mí ni.

Tíṣà ìṣirò ni mí. Technical Aid Corps ló gbé mi wá, ètò tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1987 láyé Babangida, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń rán tíṣà, nọ́ọ̀sì, dókítà àti ẹnjiníà lọ sáwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Karíbíà àti Pàsífíìkì. Nígbà tí mo sọ fáwọn ará ilé n'Íbàdàn pé mò ń lọ sókè òkun, gbogbo wọn ló ń kí mi kú oríire, àfi ìgbà tí mo wá dárúkọ Gáńbíà, àǹtí mi kan ní, "Ṣé kò sí Kánádà nínú líìsì wọn ni?"

Ọmọ Amẹ́ríkà kan wà lábúlé tó tẹ̀ lé tiwa títí di ọdún tó kọjá, Peace Corps, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rán àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn lọ sókè òkun, ló rán an wá, wọ́n sì ti ń rán wọn wá sórílẹ̀-èdè yìí láti 1967, nítorí náà àwọn ìyá yìí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣìkẹ́ toubab, bí wọ́n ṣe ń pe òyìnbó nìyẹn. Tó bá gún ọkà tí ìdajì fò jáde nínú odó, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Tó bá sọ Mandinka, èdè ibí, tó wọ́ kọdọrọ, ijó ló kù tí wọn ò jó. Èmi wá ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo fọwọ́ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dípò kí n rù ú, ìyá àgbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé ṣé kò sí kànga ní Nàìjíríà ni. Ọwọ́ mi bó nídìí odó, wọ́n ní ṣé ìyá tó bí mi ò kọ́ mi níṣẹ́ ilé ni. Ilé tí blender wà ni mo dàgbà sí, ní Mọ́kọ́lá, ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún? Inú fíìmù Nollywood ni wọ́n ti mọ̀ wá, ọmọ kíláàsì mi kan tiẹ̀ ti béèrè bóyá àjẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Àwọ̀ mi ló fà á. Òyìnbó tí ò mọ nǹkan, àlejò ni. Dúdú tí ò mọ nǹkan, wọn ò tọ́ ọ ni.

Ibi tí mo ti gba ara mi sílẹ̀ ni ìkíni. Níbí, o ò lè ṣàdédé bi èèyàn níbi tí ọ̀nà gbà, wàá kọ́kọ́ béèrè ará ilé, béèrè bàbá, béèrè ọmọ, béèrè iṣẹ́, òun náà á dá gbogbo ẹ̀ padà fún ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ṣé ọmọ Yorùbá ló máa sá fún ìyẹn? Mo tún kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà kan lọ́jọ́ kan, ó sọ ọ́ ká gbogbo abúlé. Èsúsú náà wà níbí, osusu ni wọ́n ń pè é, mo ti wọ̀ ọ́, ọ̀gbẹ́ni tó ń tajà lójú ọ̀nà sì ti ń bú mi ní ọ̀jẹun bó ṣe ń bú gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé tí wọ́n fún mi, eré ni láàárín orúkọ ìdílé tiẹ̀ àti èyí tí wọ́n fún mi.

Lónìí, ẹrẹ̀ mù mí dé orúnkún. Erinmi ti wọ oko obìnrin kan lóru, ó jẹ lára ìrẹsì ẹ̀, ó tẹ ìyókù mọ́lẹ̀. Erinmi tí mo rò pé inú súù nìkan ló ń gbé! Apá odò ibí, nítòsí Janjanbureh, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ dáadáa, àwọn ọkùnrin a sì máa dáná lóru, wọ́n á máa lu agolo kí wọ́n lè lé wọn. Obìnrin yẹn ò sunkún o. Ó kàn ń yọ èyí tó ṣì lè yè, ó ń tún un gbìn, àwọn tó kù sì dá sí i láìjẹ́ pé ó bẹ̀ wọ́n.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àsìkò ebi là ń wọ̀ yìí. Ọkà ọdún tó kọjá ti ń tán nínú àká, tuntun ò tíì jáde, ìrẹsì tí wọ́n ń kó wọ̀lú látòkèèrè ni gbogbo ilé ń rà, domoda tí ẹran máa ń wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀pà lásán ló ń dà. Mo ra àpò ìrẹsì kan wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá yìí wò ó, ó ní gígùn ni mo rà, pé kí n ra wíwẹ́ nígbà míì, òun ló dùn jù fún benachin, ìrẹsì tí wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ ọbẹ̀ nínú ìkòkò kan. Ó parí! Ká ní toubab ló rà á, abẹ́ igi bantaba tí abúlé ti ń pàdé, níwájú alkalo, baálẹ̀ wọn, ni wọn ì bá ti dúpẹ́ ẹ̀. Ó kọ́kọ́ dùn mí díẹ̀ ṣá. Àmọ́ ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀ bíi pé ó ṣe é lóore?

Iṣẹ́ tí mo tìtorí ẹ̀ wá gan-an ò fún mi ní wàhálà tó èyí. WAEC kan náà la jọ ń ṣe, àwa, Gánà, Sàró, Làìbéríà àti Gáńbíà, ìwé ìbéèrè àtijọ́ tí mo kó wá láti Ìbàdàn ti fẹ́ẹ̀ gbó tán lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni pé tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ìdajì kíláàsì ti wà lóko, mi ò sì mọ ẹnu tí mo fẹ́ fi bá wọn wí nígbà tí èmi alára wà lóko.

Wọ́n ní toubab tuntun ń bọ̀ rọ́pò ọmọ Amẹ́ríkà yẹn, obìnrin ni. Àwọn ìyá ti yàn mí pé èmi ni kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú, ṣùgbọ́n kí n fi í lọ́rùn sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan ná, kó sinmi dáadáa, ọ̀nà jìn. Èmi tí wọn ò jẹ́ kí n mumi!