Ihò ọ̀pá inú púlì

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí lánàá l'Ádó-Èkìtì níbí. Máàmi ń fẹ́ púlì tuntun sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, tọ́nà, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ní kí n yà á wá kóun lè rí ìwọ̀n ẹ̀ dáadáa, ni mo bá ṣí OpenSCAD, ètò orí kọ̀ǹpútà téèyàn fi ń kọ àṣẹ láti ya nǹkan. Mo ya sílíńdà ńlá, fífẹ̀ ẹ̀ 150 mílímítà, nínípọn 40, mo tún ya kékeré tí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 25 fún ihò ọ̀pá. Mo wá lo àṣẹ tí wọ́n ń pè ní difference kó yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, háà, gbogbo ẹ̀ pòórá! Mo wò ó títí kó tó yé mi pé èyí téèyàn bá kọ́kọ́ kọ ló máa ṣẹ́kù, èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa gé kúrò lára ẹ̀, èmi sì ti kọ kékeré ṣáájú. Àṣẹ union ò nírú wàhálà yẹn o, àpapọ̀ ni, bó ṣe wù kó o tò ó.

Mo yí i padà, ihò yọ, àmọ́ nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣì ń ṣẹ́jú lẹ́nu ẹ̀ bí awọ ojú ògì, torí pé gíga méjèèjì dọ́gba gẹ́lẹ́. Mo fi mílímítà kan kún kékeré lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ó di 42, awọ yẹn lọ! Inú mi dùn débi pé mo pe Máàmi wá wò ó láago 11 alẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé èyí á yí?" Mo ní á yí, mà.