Ojú ewé wo? Ohun tí àríyànjiyàn lórí Batman àgbà kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń yàwòrán ní Òṣogbo níbí, ìwé ìtàn alàwòrán kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín, nítorí pé àríyànjiyàn tí àwọn tó kà á ń ṣe lórí rẹ̀ ti kọ́ mi níṣẹ́ gan-an. The Dark Knight Returns lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1986 ni ilé-iṣẹ́ DC gbé e jáde, apá mẹ́rin ni. Frank Miller ló kọ ìtàn rẹ̀ tó sì fi pẹ́ńsùlù yà á, Klaus Janson ló tẹ íńkì lé e, Lynn Varley ló kùn ún. Nínú rẹ̀, Bruce Wayne, ọkùnrin tó ń wọ aṣọ Batman láti bá ọ̀daràn jà, ti di ẹni ọdún 55. Ọdún 10 ni kò ti wọ aṣọ náà. Àwọn jàǹdùkú tí wọ́n ń pè ní Mutants ti gba òru mọ́ àwọn ará Gotham, ìlú rẹ̀, lọ́wọ́. Ara bàbá náà ò gbà á mọ́, ló bá tún jáde.

Ẹ bi ènìyàn márùn-ún tó ti kà á léèrè, yálà ní Òkè-Fìà tàbí nínú ọgbà yunifásítì UNIOSUN, ẹ ó gbọ́ èrò mẹ́fà. Ọ̀kan á ní kò sí Batman tó tún dà bí èyí. Òmíràn á ní ìkà ni, ta ló fi í jẹ adájọ́? Àwọn tó fẹ́ràn Superman kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá, torí pé ìránṣẹ́ ìjọba ni wọ́n sọ ọ́ dà níbẹ̀. Ní ti Selina Kyle, Catwoman àtijọ́ tí Batman fẹ́ràn, mo gbè sẹ́yìn àwọn obìnrin tó ń bínú: ọkùnrin darúgbó, iyì rẹ̀ lé sí i, obìnrin darúgbó, ó di ẹni àánú. Ìyẹn ò dára, àlàyé kankan ò sì lè wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Bí ẹ bá bi òǹkàwé pé "Ṣé ó dùn?", ariwo lẹ máa gbọ́. Ẹ bi í pé, "Ojú ewé wo ló mú ẹ sọ bẹ́ẹ̀?" Ariwo á dákẹ́, wọ́n á ṣí ìwé. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bẹ́ẹ̀ ni mo rí i pé ẹni tó fẹ́ràn ìwé yìí àti ẹni tó kórìíra rẹ̀ sábà máa ń ṣí ibì kan náà: ìjà inú ẹrẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ibẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Batman àti olórí Mutants pàdé, bàbá wà nínú ọkọ̀ ogun ńlá kan, ó sì lè parí ọ̀rọ̀ náà láìsọ̀kalẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó fẹ́ fọwọ́ lásán jà bí ọ̀dọ́. Ọmọ náà yára jù ú lọ, ó lágbára jù ú lọ, ó sì lù ú bí ẹní lu bàrà. Ọpẹ́lọpẹ́ Carrie Kelley, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 tó sọ ara rẹ̀ di Robin, igbákejì Batman, ibẹ̀ ni ì bá kú sí. Nígbà kejì, inú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni bàbá ti bá a jà. Ẹsẹ̀ tó yá ò wúlò níbẹ̀ mọ́. Bàbá kò kánjú, ó ń yan ibi tí yóò lù, ó ń ronú kí ọwọ́ tó gbéra, gbogbo ẹgbẹ́ jàǹdùkú sì ń wò wọ́n.

Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ á ní, "Ẹ wo ọgbọ́n àgbà!" Ẹni tó kórìíra rẹ̀ á fìka sí ojú ewé kan náà: "Ẹ wo bó ṣe fara balẹ̀ tó ń ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe." Àwọn méjèèjì ló ríran. Ayàwòrán ló kó ọgbọ́n àti ìkà sínú ìfarabalẹ̀ kan ṣoṣo, kò sì bá wa yà wọ́n sọ́tọ̀. Irun funfun kọ́ ló sì fi sọ fún wa pé ọkùnrin náà ti dàgbà. Ìrònú tó ń ṣáájú ọwọ́ ló fi sọ ọ́. Miller sábà máa ń gbé ojú ewé lé orí àpótí àwòrán kéékèèké 16, tí èémí òǹkàwé á fi máa já. Lẹ́yìn náà á fún yín ní àwòrán kan ṣoṣo tó gba ojú ewé tán.

Ọ̀rọ̀ Carrie ni àwọn òǹkàwé wa níbí máa ń bá mi fà jù. "Ọmọ ọdún 13, lóru! Ṣé kò ní ìyá ni?" Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìwé: ohùn àwọn òbí rẹ̀ nìkan là ń gbọ́, a ò rí ojú wọn, wọ́n tilẹ̀ ń bi ara wọn bóyá àwọn bímọ rí. Ojú tí ayàwòrán kò yà yẹn ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé náà. Ẹ wò ó dáadáa.

Àríyànjiyàn náà tilẹ̀ wà nínú ìwé fúnra rẹ̀. Nínú àwọn àpótí tẹlifíṣàn, ẹnì kan ń yin Batman, ẹnì kejì ń bú u, dókítà kan ń sọ pé Batman gan-an ló ń sọ àwọn ènìyàn di ọ̀daràn. Miller jẹ́ kí gbogbo wọn sọ tiwọn.

Àbúrò yín kan ní ẹni ọdún 55 kì í ṣe arúgbó lójú tòun, ó sì mẹ́nu ba Adùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí iṣẹ́ ọnà inú Igbó Ọ̀ṣun, tó sì kú ní oṣù kìíní ọdún 2009 lẹ́ni ọdún 93. Mo fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ ya akọni àgbà tiwa, àgbà ọdẹ Òṣogbo kan fún àpẹẹrẹ, ẹ kọ́kọ́ mọ bí àwọn ọmọdé ṣe ń kí i, ta ló ń dọ̀bálẹ̀, ta ló ń kúnlẹ̀, ta ló ń sá gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ara wọn la ó ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú wá nìyí: àpótí mẹ́rin, íńkì dúdú nìkan, àgbà kan tó ń dìde lórí àga. Kò gbọdọ̀ sí irun funfun, kò gbọdọ̀ sí ọ̀pá. Kí ẹ tó mú un wá, ẹ fi han ẹni tí kì í yàwòrán, kí ẹ bi í pé inú àpótí wo ló ti mọ̀ pé àgbà ni, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà.