Irun Mi Bá Ọba Lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí mi níbi ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé, tẹ́ ẹ wá ń bi ìyàwó mi ní kọ̀rọ̀ pé ta ló kú nílé wa, kò séèyàn tó kú o. Àríyànjiyàn fíìmù ló fa gorímápá.

Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù bábà wa. Àwọn tó ń gẹrun níbẹ̀ ò tó àwọn tó ń jiyàn. Bọ̀dá tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní fíìmù tí kò bá ti pawó bíi ti Fúnkẹ́ Akíndélé, òfo ni. Lóòótọ́, A Tribe Called Judah tó gbé jáde ní ìparí 2023 kọjá bílíọ̀nù kan náírà ní sinimá Nàìjíríà, fíìmù wa àkọ́kọ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ jiyàn ìyẹn? Ìgbà tí wọ́n kan Ẹlẹ́ṣin Ọba, tí olóògbé Bíyì Bándélé fi eré Ṣóyínká ṣe, lọ̀rọ̀ bàjẹ́. Wọ́n ní, "Ìyẹn ńkọ́? Ta ló gbọ́ iye tó pa? Ó rì!"

Ó yẹ kí n dákẹ́. Orí mi wà lọ́wọ́ ẹni tó mú kílípà dání. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dárúkọ Ṣóyínká báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé èmi ni mo bá a gba Nobel lọ́dún 1986.

Mo ní, "Bọ̀dá, ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 2022 ló wọ sinimá. Ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, ó ti wà lórí Netflix. Ọ̀sẹ̀ kan péré! Ta ló máa wọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà, ra tíkẹ́ẹ̀tì, ra gúgúrú olówó gọbọi, nígbà tí fíìmù fúnra ẹ̀ ń bọ̀ wá bá a nílé? Netflix wà lára àwọn tó ṣe é, ẹnu ọ̀nà sinimá kọ́ ni wọ́n ti ń retí owó wọn. Ibi tí wọ́n gbé e dé ni kẹ́ ẹ ti dá a lẹ́jọ́. Ẹ má ka ibi tí kò dé sí i lọ́rùn."

Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni. Bọ̀dá ní eré ọ̀hún gan-an ò dùn. Háà! Ọdúnladé Adékọ́lá tó ṣe Ẹlẹ́ṣin, ẹni tó gbọ́dọ̀ bá ọba tó wàjà lọ! Mo ní ṣé wọn ò rí bó ṣe ń jó lọ sọ́run ni? Ẹnu ò tó mi mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọrùn ṣe é fún wọn. Mo dijú. Mo gbé orí sápá ọ̀tún, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀. Mo ti ń gbúròó àwọn baba ńlá mi lókèèrè báyìí ni mo gbọ́ fààà.

Ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́, àfi jẹnẹrétọ̀. Mo lajú wo dígí. Láti iwájú orí títí dé àárín, títì ti là kọjá, ó ń dán, kò ní kòtò kan. Ìjọba ò ṣe irú ẹ̀ rí ládùúgbò wa. Nínú eré, Ẹlẹ́ṣin falẹ̀, kò bá ọba lọ lásìkò. Irun tèmi ò falẹ̀ o. Abọ́bakú gidi.

Mo pariwo mọ́ bábà. Bọ̀bọ́ yìí, tí kò dá sọ́rọ̀ látàárọ̀, ó gbọn pọ́dà sí bùrọ́ṣì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí kílípà dé ni kẹ́ ẹ ti dá a lẹ́jọ́. Ẹ má ka ibi tí kò dé sí i lọ́rùn. Àbí ibi tó dé ò mọ́ ni?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí fóònù oníbàárà fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n nujú tán, wọ́n ní, "Ìwọ lọ́yà, sinimá wo lo ti wò ó?"

Orí fóònù àbúrò ìyàwó mi ni. Netflix ọ̀hún gan-an, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ẹ̀ ló ń sanwó ẹ̀, kò sì mọ̀ pé a wà níbẹ̀.

Mo sọ fún bábà pé, "Fá gbogbo ẹ̀."

Ó fá a tán, ó fi sípírítì ra á, mo na owó tí mo máa ń san sí i. Ó ní rárá o, owó gorímápá yàtọ̀.