Abẹ́ Òkè Gran Sasso: Ohun Tó Bí Mi Nínú àti Ohun Tó Wú Mi Lórí

Ẹni tó ṣètò ìrìnàjò wa sí ilé ìwádìí Gran Sasso ní Ítálì kò mọ ohun tí a ń lọ wò rárá. Gbogbo ibi tí òkè náà ti lè dára nínú fọ́tò ló ti ń dá ọkọ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ abẹ́ òkè ni a ń lọ! Kí a tó yà wọ ilé ìwádìí náà láti inú ihò ọ̀nà márosẹ̀ A24, inú mi ti ru.

Àpáta bíi mítà 1,400 ló wà lórí wa. Òun ló ń gba ìtànṣán tó ń rọ̀ láti gbalasa òfuurufú, débi pé bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan ló ń dé ìsàlẹ̀. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání o, kò sẹ́ni tó sọ fún wa.

Ìdí CRESST, ẹ̀rọ ìwádìí kan tó wà níbẹ̀, ni inú mi ti yọ́. Ẹ ò ní rí kírísítálì rẹ̀ sójú, torí òjé àti bàbà ni wọ́n fi bò ó. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe. Wọ́n tẹ́ irin kan tó ń jẹ́ tungsten fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára rẹ̀, wọ́n sì mú un tutù títí ó fi ku nǹkan bí ìdá 15 nínú 1,000 ìwọ̀n Kelvin kan péré kó dé òtútù tí kò sí èyí tó jù ú. Bí tungsten bá tutù tó bẹ́ẹ̀, ó ń di superconductor, kì í dí iná mànàmáná lọ́nà mọ́. Etí ààlà yẹn gan-an ni wọ́n dá a dúró sí. Bí ohun kan bá kọlu kírísítálì, ooru bíńtín tó bá wọlé ti tó láti mú kí tungsten bẹ̀rẹ̀ sí í dí iná lọ́nà, SQUID, ẹ̀rọ kan tó ń mọ ìyípadà bíńtín nínú iná, yóò sì kà á lójú ẹsẹ̀.

Lọ́dún 2019, wọ́n kéde pé ọ̀kan nínú àwọn kírísítálì CRESST mọ agbára tí kò ju 30 electronvolt (ìwọ̀n agbára tó kéré jọjọ) lọ lára. Ẹyọ fótọ́ọ̀nù X-ray kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wo eyín lè fi ẹgbẹ̀rún ìlọ́po ju ìyẹn lọ! Dark matter, ohun àìrí tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó kún àgbáyé, ni wọ́n ń fi í wá. Wọn ò tíì rí i.

Mo ṣì ń béèrè bí wọ́n ṣe ń dá ìtànṣán lásán mọ̀ yàtọ̀ sí dark matter. Onímọ̀ tó mú wa yíká ní kírísítálì náà máa ń tan ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rọ kejì tó ní tungsten tirẹ̀ sì ń ka ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni olùṣètò wa ti pariwo pé ọkọ̀ ń dúró. Ó dùn mí wọra.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ lọ, ẹ kọ̀wé sí ilé ìwádìí náà fúnra yín, kí ẹ sì sọ ọ́ kedere pé CRESST lẹ fẹ́ rí.